Ẹ̀kọ́ Máàpù Lórí Kọ̀ǹpútà, àti Bí Ìbàdàn Ti Bọ́ sínú Òkun

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí olóòtú ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan díẹ̀ nípa ẹ̀kọ́ tí mo ṣe sínú kọ̀ǹpútà fún kíláàsì jọ́gíráfì, mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ̀, nítorí pé ohun tí ó wà nínú ìtàn náà kì í ṣe ohun ìyangàn fún mi. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́ ọ ní ààbọ̀, àwọn kan sì ti fi iyọ̀ àti ata sí i ní yàrá ìjẹun. Ó sàn kí ẹ gbọ́ ọ láti ẹnu ẹni tí ó ṣe é.

Iṣẹ́ tí a fún mi kò le lójú. Olùkọ́ wa fẹ́ kí olúkúlùkù wa lè fi QGIS ya máàpù kí a tó lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni. QGIS jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya máàpù. Gary Sherman ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2002, ọ̀fẹ́ sì ni, ẹnikẹ́ni lè gbà á kí ó sì fún ẹlòmíràn, èyí tí ó mú kí ó bá àpò irú wa mu. A ti rìn ká abúlé tí ilé ẹ̀kọ́ ìdánrawò wa wà ní ẹ̀bá Ìbàdàn, a ti kọ kànga 27 sílẹ̀, a sì ti fi fóònù mú ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Ohun tí ó kù ni kí a fi wọ́n sórí máàpù, kí àwọn àgbà abúlé lè mú un lọ sí ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n fi hàn pé apá kan ibẹ̀ kò ní omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwa 34 ni a wà nínú kíláàsì. Kọ̀ǹpútà tí ó ń ṣiṣẹ́ kò ju 9 lọ. Iná mọ̀nàmọ́ná a sì máa lọ nígbà tí ó bá wù ú. Olùkọ́ kan ṣoṣo kò lè dúró lẹ́yìn gbogbo wa. Nítorí náà ni ó ṣe wí fún mi pé kí n ṣe ẹ̀kọ́ kan sínú ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, èyí tí yóò máa bá akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀, tí yóò máa bi í léèrè, tí yóò sì tọ́ ọ sọ́nà bí ó bá ṣìnà.

Èrò pé kí ẹ̀rọ máa kọ́ ènìyàn kì í ṣe ti òní. Ní ọdún 1960 ni a bẹ̀rẹ̀ PLATO ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà lábẹ́ Donald Bitzer, tí akẹ́kọ̀ọ́ ń jókòó níwájú ẹ̀rọ, tí ẹ̀rọ ń bi í ní ìbéèrè, tí òun náà sì ń fèsì. Láàárín àwọn ọdún 1960 sí 1970 kan náà ni Roger Tomlinson àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ń kó máàpù ilẹ̀ Kánádà sínú kọ̀ǹpútà. Ohun méjèèjì tí mo fẹ́ so pọ̀ ti dàgbà jù mí lọ jìnnà. Bí wọn kò bá fẹ́ gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, kí ó má ṣe yà yín lẹ́nu.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe ní ojú ewé 46. Mo kọ ohun gbogbo sínú rẹ̀: ohun tí máàpù jẹ́, irú máàpù tí ó wà, ìtàn àwọn tí ó ń wọn ilẹ̀, orúkọ gbogbo bọ́tìnì tí ó wà lójú QGIS (ẹ̀yin tí ẹ ti ṣí i mọ̀ bí wọ́n ti pọ̀ tó). Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan ni mo fi bọ́tìnì kan sí, mo kọ ọ́ sí i pé, “Tẹ̀síwájú.” Inú mi dùn sí i tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi han àwọn ará yàrá mi ní òru, kí wọ́n tó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí wọ́n sùn. Ní ọjọ́ kejì, ẹni àkọ́kọ́ tí ó jókòó sí i parí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 11. Mo ní kí ó ṣí fáìlì àwọn kànga náà fún mi. Ó wò mí bí ẹni tí a fi èdè Gíríìkì bi léèrè ọ̀nà Ṣakí. Ìka rẹ̀ ti kọ́ bí a ti ń tẹ “Tẹ̀síwájú,” ó sì mọ̀ ọ́n dáradára. Ṣùgbọ́n ìka nìkan ni ó kẹ́kọ̀ọ́.

Olùkọ́ wa kò bá mi wí. Ó kàn sọ fún mi nípa ìwé kan tí John M. Carroll kọ, The Nurnberg Funnel, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1990. Orúkọ ìwé náà ti inú ìtàn àtijọ́ kan ní Jámánì wá, nípa àrọ ìlú Nuremberg, èyí tí a lè fi da ọgbọ́n sínú orí ènìyàn gẹ́gẹ́ bí elépo ti ń da epo sínú ìgò. Carroll wí pé kò sí irú àrọ bẹ́ẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ IBM, ó sì ti jókòó wo àwọn tí ń kọ́ láti fi kọ̀ǹpútà tẹ lẹ́tà. Ó rí i pé wọn kì í ka ìwé ìtọ́ni dé òpin. Wọn a fò ó, wọn a fẹ́ ṣe iṣẹ́ gidi lójú ẹsẹ̀, wọn a sì ṣe àṣìṣe tí ìwé náà kò ní ìdáhùn fún. Nítorí náà ó gé ìwé kúrú, ó fi iṣẹ́ gidi ṣáájú, ó sì kọ ọ̀nà tí a fi ń bọ́ nínú àṣìṣe sínú rẹ̀. Òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ ṣe ẹ̀rọ kan nínú èyí tí wọ́n ti àwọn ibi tí ó máa ń ṣi àkọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́nà pa. Bí ènìyàn bá tẹ ibẹ̀, ẹ̀rọ yóò wí fún un pé kò tíì tó àkókò. Àwọn tí ó fi irú ẹ̀rọ yìí bẹ̀rẹ̀ sì yára ju àwọn tí a ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún.

Èyí wọ̀ mí lára. Mo ju ojú ewé 40 nù. (Ó dùn mí, n kò ní í purọ́.) Mo lọ sí ibi tí QGIS fi gba ènìyàn láyè láti pa àwọn bọ́tìnì rẹ̀ mọ́, mo pa púpọ̀ nínú wọn mọ́, ó ku díẹ̀ tí a nílò. Mo wá ṣe ẹ̀kọ́ kejì, tí kò ní ju iṣẹ́ kan ṣoṣo lọ: kí akẹ́kọ̀ọ́ mú fáìlì àwọn kànga, kí ó fi wọ́n sórí máàpù àgbáyé ti Natural Earth tí ó wà nínú fláàṣì wa, nítorí pé íntánẹ́ẹ̀tì ibí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Mo kọ ọ́ ní èdè Yorùbá, nítorí mo ti gbọ́ pé ohun tí a bá kọ́ ní èdè ìyá ẹni kì í tètè ṣí. Níhìn-ín ni mo sì ti gbẹ́ kòtò fún ẹlẹ́sẹ̀ àìmọ̀dí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kòtò náà. Nígbà tí a bá fẹ́ fi irú fáìlì bẹ́ẹ̀ sórí máàpù, QGIS yóò béèrè nǹkan méjì: òpó wo ni X, òpó wo sì ni Y? X ni ìwọ̀n tí ó lọ sí ẹ̀gbẹ́. Y ni èyí tí ó lọ sókè. Nínú fáìlì tèmi, mo pe òpó kan ní “ìbú,” mo sì pe èkejì ní “òòró,” gẹ́gẹ́ bí a ti ń pè wọ́n nínú ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì: ìlà ìbú ayé, ìlà òòró ayé. Ẹ̀kọ́ mi wá béèrè pé: “X ni ìwọ̀n tí ó lọ sí ìbú. Èwo nínú àwọn òpó wọ̀nyí ni ìwọ yóò fún X?”

Ẹ̀gbọ́n wa kan wà nínú kíláàsì, ẹni tí ó ti ṣe olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ abúlé fún ọdún 14 kí ó tó wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí. Gbogbo yín mọ ẹni tí mò ń wí. Òun ni ó ṣáájú wa nígbà tí a ń ka àwọn kànga, òun ni àwọn ìyá abúlé sì ń dá lóhùn, nítorí ó mọ bí a ti ń kí wọn. Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Ó jókòó, ó ka ìbéèrè mi jẹ́jẹ́, ó sì yan “ìbú” fún X. Ẹ̀rọ náà kọ ọ́ sójú pé: “Ìwọ ti ṣìnà. Tún un ṣe.” Ó tún un kà, ó tún yan ohun kan náà. “Ìwọ ti ṣìnà. Tún un ṣe.” Ní ìgbà kẹta mo wo ojú ẹ̀rọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn, mo rí i pé kànga 27 wa ti kúrò ní ẹ̀bá Ìbàdàn, wọ́n ti lọ tó ohun tí ó lé ní 500 kìlómítà, wọ́n sì tò sínú òkun ní gúúsù Bonny. Mo sì ké jáde pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ri Ìbàdàn sínú òkun!”

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù. Ẹ̀gbọ́n bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì wí pé, “Àbúrò, ohun tí ẹ̀kọ́ rẹ wí ni mo ṣe.” Kò tún sọ ohun mìíràn. Ní ọjọ́ kejì kò wá sí iyàrá kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ ni kò wá ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó ti lọ bá olùkọ́ wa pé òun yóò fi pẹ́ńsùlù ya máàpù tòun, pé bí wọn kò bá gbà á, kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò nínú ẹ̀kọ́ náà. Ẹ sì mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tí ó fi iṣẹ́ àti ìdílé sílẹ̀ wá gba ìwé ẹ̀rí.

Mo ń sọ fún ara mi pé ọjọ́ orí ni ó fà á. Bẹ́ẹ̀ ni mo wí títí di òru ọjọ́ kan tí mo jókòó láti ṣe máàpù kékeré kan sínú ẹ̀kọ́ náà, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ lè tẹ̀ kí ó tó ṣí QGIS rárá. Leaflet ni mo lò, ètò tí Vladimir Agafonkin gbé jáde ní ọdún 2011 fún fífi máàpù sójú ìwé kọ̀ǹpútà. Leaflet a máa béèrè ìwọ̀n àríwá ṣáájú, kí ó tó béèrè ti ìlà oòrùn. Ṣùgbọ́n irú fáìlì tí a ń pè ní GeoJSON, èyí tí mo fi àwọn kànga sí, ìwọ̀n ìlà oòrùn ni ó máa ń ṣáájú nínú rẹ̀; bẹ́ẹ̀ ni òfin rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2016 wí. Mo da nọ́ńbà inú ọ̀kan sínú èkejì láìro ó lẹ́ẹ̀mejì, mo tẹ bọ́tìnì, mo sì ń wá kànga mi ní Ìbàdàn. N kò rí ọ̀kankan. Mo fa máàpù náà sí gúúsù, mo fà á sí ìlà oòrùn. Wọ́n wà ní gúúsù Bonny, gbogbo 27, ní ibi tí ti Ẹ̀gbọ́n wà gan-an. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín, nítorí èmi àti ọmọńlé orí ògiri nìkan ni a wà níbẹ̀.

Mo mú ìwé tí mo kọ ìbéèrè náà sí, mo kà á bí ẹni pé ẹlòmíràn ni ó kọ ọ́. Nígbà náà ni mo rí i. Òótọ́ ni pé ìlà ìbú ayé dùbúlẹ̀ sí ìbú. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà rẹ̀ kì í ka ìbú, òkè ni ó ń kà. Ó dà bí àkàsọ̀ tí a fi ti ògiri: àwọn igi ìtẹ̀sẹ̀ dùbúlẹ̀ sí ìbú, síbẹ̀ bí mo bá ní mo wà lórí igi keje, gíga mi ni mo sọ. Ìbàdàn wà ní nǹkan bí 7.4 ní àríwá ìlà agbedeméjì ayé, ó sì wà ní nǹkan bí 3.9 ní ìlà oòrùn ìlà Greenwich. 7.4 ni mo pè ní “ìbú.” Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá dáradára, tí ẹ̀kọ́ mi wí fún pé X ni ìwọ̀n tí ó lọ sí ìbú, kò lè ṣe kí ó má fi “ìbú” sí X. Ẹ̀gbọ́n ka ohun tí mo kọ, ó lóye rẹ̀, ó sì ṣe é. Àwọn tí ó yege nínú wa kò ka ọ̀rọ̀ náà rárá. Wọ́n kàn yan ọ̀kan, nígbà tí ẹ̀rọ kọ̀ ọ́, wọ́n yan èkejì.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ojú tì mí láti kọ. Ẹ̀rọ tí mo ṣe ti wí fún baba ọmọ mẹ́rin pé, “Ìwọ ti ṣìnà.” Ìwọ! Ní ìgbà mẹ́ta! Bí mo bá fi ẹnu ara mi sọ bẹ́ẹ̀ fún un ní ọjà, àwọn tí ó dúró níbẹ̀ yóò béèrè ilé tí a ti tọ́ mi.

Kí agogo àdúrà òwúrọ̀ tó lù, mo ti wà ní ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Ẹ̀kọ́ náà ni ó ṣìnà, kì í ṣe ẹ̀yin.” Ó wò mí títí, ó ní, “Kí ni ó sọ fún ọ?” Mo ní, “Mo ri Ìbàdàn sínú òkun lóru àná, sà.” Ó ní, “Ìwọ fúnra rẹ?” Mo ní, “Èmi fúnra mi, sà. Ibi tí tiyín wà náà ni.” Ẹ̀rín tí ó rín jí àwọn ará yàrá kejì. Ó ní kí n dìde, kí n sì lọ mú ẹ̀kọ́ náà wá.

Òun ni ó tún un ṣe, ẹ̀yin ará. Ọwọ́ tèmi nìkan ni ó tẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Kò sí àgbẹ̀ kan tí kò mọ ìlà oòrùn. Fi ìbú àti òòró sílẹ̀ ná. Bi wọ́n pé, ìrìn mélòó sí ìlà oòrùn, ìrìn mélòó sí àríwá?” A yí orúkọ òpó méjèèjì padà sí “ìlà oòrùn” àti “àríwá.” Ní ojú ewé àkọ́kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìlà agbedeméjì ayé àti ìlà Greenwich ti pàdé, inú omi ni, yóò sì fi ìka rìn lọ sí ìlà oòrùn, yóò yà sí àríwá, títí yóò fi dé ilé. Lẹ́yìn èyí ni a tó mú orúkọ “ìlà ìbú” wọlé, pẹ̀lú àwòrán àkàsọ̀, nítorí pé ìdánwò yóò béèrè rẹ̀.

Mo fẹ́ mú àṣìṣe náà kúrò pátápátá, kí ẹ̀rọ má tilẹ̀ gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe é. Ẹ̀gbọ́n kọ̀. Ó ní kí wọ́n rí òkun náà. Nísinsìnyí, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó tẹ bọ́tìnì, ẹ̀kọ́ yóò ní kí ó fi ìka hàn ibi tí ó rò pé àwọn kànga yóò bọ́ sí, bí wọ́n bá bọ́ sí omi, kò ní í wí pé ó ṣìnà, yóò béèrè pé, “Omi wo ni kànga yín wà yìí? Èwo nínú nọ́ńbà méjèèjì ni ó gbé wọn débẹ̀?” Bí ẹ ti kíyè sí i, “yín” ni mo kọ. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá ri Ìbàdàn a máa fúnra rẹ̀ gbé e jáde, kì í sì í pe ẹnikẹ́ni.

Àwọn kòtò mìíràn wà, n kò sì ní í pẹ́ lórí wọn. Fóònù ẹnì kan nínú wa a máa kọ ìwọ̀n ní dìgírì àti ìṣẹ́jú. Ó rí 7°23′, ó sì kọ 7.23 sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìṣẹ́jú 60 ni ó wà nínú dìgírì kan, tí ó fi yẹ kí ó jẹ́ 7.383. Kànga rẹ̀ sún sí gúúsù tó kìlómítà 17, ó sì bọ́ sí oko olóko. Èyí tí ó fa ìjíròrò láàárín èmi àti olùkọ́ wa ni ti Minna. Àwọn máàpù àtijọ́ ti Nàìjíríà ni a gbé ka orí ìwọ̀n tí ó fìdí múlẹ̀ ní Minna, tí ó sì tẹ̀ lé ìrísí ayé gẹ́gẹ́ bí Clarke ti ṣírò rẹ̀ ní ọdún 1880. Fóònù wa ń tẹ̀ lé WGS 84. Ní agbègbè wa, ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì tó nǹkan bí 100 mítà, èyí tí ó tó láti gbé kànga kọjá odò. Nínú QGIS, nọ́ńbà Minna ni 4263, nọ́ńbà WGS 84 sì ni 4326. Ẹ tún wọn kà! Ẹni tí ó bá kánjú kò ní í mọ̀ pé òun ti fi ọ̀kan dípò èkejì. Olùkọ́ wa fẹ́ kí n ṣàlàyé gbogbo èyí ní ìbẹ̀rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí a fi í pamọ́ di ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá tẹ́ máàpù àtijọ́ sábẹ́ àwọn kànga rẹ̀, tí ojú ara rẹ̀ sì rí i pé wọn kò bá ara wọn mu, nítorí ìgbà náà ni yóò fẹ́ gbọ́. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní òun yóò máa wò mí.

Ẹ̀gbọ́n parí máàpù rẹ̀ ṣáájú ọ̀pọ̀ nínú wa. Nínú kànga 27, 21 ni ó wà ní apá ìwọ̀ oòrùn odò; àwọn ilé tí ó wà ní òdì kejì ń kọjá afárá láti pọn omi. Àwọn ìyá abúlé ti ń wí bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ó tẹ́ bébà náà sílẹ̀ níwájú Baálẹ̀, ilé gbogbo dákẹ́. Wọ́n ti mú un lọ sí ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Èsì kò tíì dé títí di ìgbà tí mo ń kọ ìwé yìí.

Ẹ̀kọ́ náà wà nínú kọ̀ǹpútà kẹta láti ojú fèrèsé, àti nínú fláàṣì tí ó wà lọ́wọ́ olùtọ́jú iyàrá ìkàwé. Kò tíì ní apá tí a fi ń tẹ máàpù sórí bébà. Ẹ̀gbọ́n àti èmi ń ṣe é ní ọjọ́ Sátidé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, bí iná bá wà. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá jókòó sí i tí ọ̀rọ̀ kan sì ta á lẹ́sẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà gan-an sílẹ̀ bí ẹ ti rí i, kí ẹ sì fi sínú àpótí lẹ́tà mi.